Ìdúpẹ́ fún Àwòrán Tó Mọ́

Ọjọ́ tí lẹ́tà Ìbàdàn dé pé wọn kò rí nǹkan kan nínú eegun ẹ̀yìn Edith Ògúnbánwò, gbogbo ilé yọ̀, àdúgbò bá wọn yọ̀, àfi Edith fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù kẹwàá ọdún 1987, nínú ilé wọn tó wà ní Pòrògùn, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Gilbert, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ló gbé àpòòwé ńlá náà wá. Ọkọ̀ ìdájí ló wọ̀, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí bi í bóyá ó ti jẹun. Frederick, ọkọ Edith, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ní iléeṣẹ́ omi, tú rọ́bà tí wọ́n fi de àpòòwé náà, ó fi rọ́bà sọ́rùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó wọ jígí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà náà sókè lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó débi tí dókítà kọ ọ́ sí pé àwòrán náà mọ́, pé kò sí ohun tí ń tẹ iṣan ńlá inú eegun ẹ̀yìn, ó dúró, ó tún ibẹ̀ kà, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ká lẹ́tà.

Edith jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tíṣà ni, ọdún méjìlélógún ló ti fi kọ́ ọmọ ní ìwé, ojú rẹ̀ kì í sì í ṣàì rí ọmọ tó bá fo ìlà. Ó rí i pé ìlà méjì kù nísàlẹ̀ lẹ́tà náà tí ọkọ òun kò kà.

Màmá Ayépé, ìyá Frederick, ní òun kò ní í fi etí lásán gba ayọ̀, àfi kí òun fojú ara òun rí i. Ni wọ́n bá gbé àwòrán náà jáde sí ẹ̀yìnkùlé, Gilbert na fọ́tò dúdú náà sókè sí oòrùn, eegun ẹ̀yìn Edith sì yọ funfun, ó tò láti òkè délẹ̀ bí àgbàdo tí a bó háhá rẹ̀. Mùínátù, aládùúgbò wọn tí ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé kejì, ti gbọ́ ariwo, ó fi ìgò àti àrọ sílẹ̀, ó bá wọn dé ibẹ̀. Ó ní alhamdulilahi, ó ní kí wọ́n wo bí ó ti tò, pé eegun ẹ̀yìn tòun náà ì bá rí báyìí, ẹ̀yìn tí ń dun òun láti ọjọ́ yìí. Màmá Ayépé ń fi ìka ka eegun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè pé níbo ni àìsàn ọ̀hún wà, Gilbert sì ń dáhùn pé kò sí, Màmá, kò sí níbì kankan. Wọ́n wò ó títí bí ẹni ń wo fọ́tò ìyàwó tuntun. Kò sí ẹni tó rántí pé kí wọ́n pe Edith wá wo eegun ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n pè é, kò ní í lọ. Láti orí àga tó wà ló ti ń gbọ́ wọn, ọkàn rẹ̀ sì ti rìn lọ sí yàrá kan ní Ìbàdàn, lórí tábìlì gígùn tí wọ́n fi ìgbànú dè é mọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, tí ń pe gbogbo obìnrin ní Màmá, kò fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó fi òòlù kékeré onírọ́bà gbá orúnkún Edith, ẹsẹ̀ náà fò sókè bí ẹsẹ̀ ẹni tí nǹkan ń lé. Ó ní kó bọ́ aṣọ èjìká rẹ̀, ó tan iná sí i, ó sì wo ẹran apá náà fún ìgbà pípẹ́ bí ó ti ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ lábẹ́ awọ, níhìn-ín, lọ́hùn-ún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ní kó la ẹnu, kó jẹ́ kí ahọ́n rẹ̀ sinmi, ó wo ìyẹn náà. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Edith sì ń sọ ìka tó gún láìṣì, nítorí ara náà ń gbọ́ ohun gbogbo, agbára rẹ̀ ló ń lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti wo ìtọ̀ ṣúgà àti àwọn àrùn mìíràn. Wọ́n fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ tó ní wáyà sínú ẹran apá rẹ̀, ẹ̀rọ tí wáyà náà lọ sí sì ń ta páro-páro bí ẹ̀pà nínú yanrìn gbígbóná, bẹ́ẹ̀ dókítà ní kí apá náà má ṣe nǹkan kan, pé apá tó sinmi kò yẹ kó pariwo rárá.

Ó wá ku àwòrán. Oògùn tí wọ́n máa ń gún sínú ẹ̀yìn kí àwòrán tó lè hàn ti tán nílé ìwòsàn, wọ́n ní kí Frederick lọ wá a kiri ìlú. Wákàtí mẹ́ta ló fi wá a. Láàárín wákàtí mẹ́ta yẹn ni dókítà fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

“Màmá,” ló wí, “ẹ bá mi gbàdúrà kí n rí nǹkan nínú àwòrán yìí. Bí kókó tàbí eegun bá ń tẹ iṣan yín, àwọn oníṣẹ́ abẹ wà níbí, wọ́n á gé e kúrò. Bó bá mọ́, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.”

Edith bi í léèrè ohun tó kù bó bá mọ́. Ó ní àrùn kan wà tí ń pa àwọn iṣan tí ọpọlọ fi ń rán ẹran ara níṣẹ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ dé ẹsẹ̀ dé ọ̀fun. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan ń bẹ lókè òkun tí ń ya inú orí ènìyàn ní ìpele ìpele, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, bó bá sì dé pàápàá, àwọn àìsàn yòókù ni yóò máa lé kúrò lọ́nà, kò ní í rí èyí gan-an. Edith gbọ́ ọ yé, nítorí ó ti ṣe irú rẹ̀ ní kíláàsì. Bí ṣọ́ọ̀kì bá sọnù, a ó ní kí gbogbo ọmọ na ọwọ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ yóò jáde, ẹni tó bá kù lẹ́yìn ni kò ní í lè sọ pé òun kọ́. Ó bi dókítà bóyá oògùn wà fún un. Dókítà wo ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n dúró de àwòrán ná, àti pé nígbà tí òun bá máa sọ ọ́ tán, òun fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá gbọ́,” ló sọ.

Nígbà náà ni Frederick wọlé pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́ àti òógùn lójú, inú rẹ̀ ń dùn pé òun rí i. Edith kò lè sọ fún un. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé ń gbàdúrà òru àti àárọ̀ kí àwòrán mọ́, òun nìkan ló ń kúnlẹ̀ láàárín wọn tí ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó dọ̀tí. Kókó ni ó ń tọrọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ènìyàn ń tọrọ láyé.

Nígbà tí wọ́n wọlé padà láti ẹ̀yìnkùlé, Frederick ti parí ètò lọ́kàn ara rẹ̀. Ó ní ọ̀la Sọ́ńdè ni wọn yóò dúpẹ́, pé oore tó bá pẹ́ nílẹ̀ kí a tó dúpẹ́ rẹ̀ a máa bínú lọ. Simeon, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, ń gba ìwé ìdúpẹ́ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àyè ṣì wà. Àwọn tó bá bá wọn délé lẹ́yìn ìsìn yóò jẹ ìkọ́kọrẹ́. Gilbert gba ọjà lọ láti ra ẹ̀wùrà àti ẹja gbígbẹ.

Nígbà tí ẹ̀wùrà dé, Màmá Ayépé bẹ́ ẹ, ó fọ̀ ọ́, ó gbé páànù tí wọ́n fi ń rin ín sínú abọ́ ńlá, ó sì pe Edith. Láti oṣù karùn-ún ni ìyá yìí ti fi ilé gàrí rẹ̀ ní Ayépé sílẹ̀ wá gbá, wá sè, wá fọ̀ nílé ọmọ rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ń wú. Kò ráhùn nígbà tó rò pé àìsàn ni, ẹ jẹ́ ká fi òtítọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó ti fi ojú ara rẹ̀ ka eegun náà láàárọ̀ yìí, kò sì sí ohun tó já níbẹ̀.

Edith ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi kò ní í lè ṣe é.

“Ọwọ́ wo?” ni Màmá Ayépé bi í, ohùn Ìjẹ̀bú rẹ̀ sì le gan-an. “Méè tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Òyìnbó ní kò sí nǹkan lára ẹ. Ìyàwó, ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e.”

Edith jókòó sórí àpótí ìdáná. Ó gbé ẹ̀wùrà lé páànù, ó fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìka rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, ẹ̀wùrà bọ́ sínú abọ́, oríkèé ìka sì lọ tààrà sórí ojú páànù. Ó dùn ún dé orí. Èyí ni ohun tí àwọn ènìyàn kò mọ̀, wọ́n rò pé ọwọ́ tó kú kì í gbọ́ ìrora. Ó tún gbé ẹ̀wùrà, ó fi ọwọ́ òsì tó ṣì ń gbọ́ràn díẹ̀ ti ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn, ó tún bọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti kán sínú funfun ẹ̀wùrà náà. Màmá Ayépé wò ó, ó bu ibi tí ẹ̀jẹ̀ kán sí, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún adìẹ, ó ní kí Edith fi sílẹ̀ ná, kó lọ sinmi, pé bó bá di ìrọ̀lẹ́ kó wá parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ “sinmi” yẹn kò dùn létí.

Ògiri tó wà láàárín ilé wọn àti ilé Mùínátù kò ga. Bí Edith ti ń kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ohùn Mùínátù àti ti obìnrin kan tó wá ra kẹrosíìnì. Obìnrin náà ń sọ pé iṣẹ́ tíṣà dára púpọ̀, a ó jókòó sílé oṣù márùn-ún, ṣọ́ọ̀kì kò ní í kan ọwọ́ ẹni, owó oṣù yóò máa wọlé. Mùínátù ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, pé èèyàn dáadáa ni Ìyá Bùsọ́lá, orúkọ ọmọ tí àdúgbò fi ń pe Edith. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ohun tó ń ya òun lẹ́nu ni pé ẹ̀rọ òyìnbó wò ó kò rí i, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ẹnìkejì ní háà. Edith wọ yàrá, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn.

Frederick wà níbẹ̀, ó tẹ́ agbádá sórí ibùsùn, ó ń wá fìlà tó bá a mu. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló ń de bọ́tìnnì aṣọ Edith láràárọ̀, òun ló ń gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú àwo kí àlejò má baà rí i. Bí ó bá ti ṣe é tán, yóò sọ pé láìpẹ́, láìpẹ́, bí ẹni ń dá ọmọ lẹ́kún. Edith jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbádá náà, ó ní kó jókòó pẹ̀lú. Kò jókòó.

“Bàbá Bùsọ́lá, ìlà méjì kù nínú lẹ́tà yẹn. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

Ó ní wọ́n ní kí àwọn méjèèjì wá rí dókítà ní Túsìdeè, ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀, pé òun ti rí i. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ẹni tí wọ́n ní kò ní nǹkan kan, ṣé yóò tún máa lọ wá a ni? Ó ní òun ní iṣẹ́ ní Túsìdeè, àti pé lẹ́yìn ìdúpẹ́ ọ̀la, ẹni tó bá tún forí lé ọsibítù ti fi Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́.

Edith sọ ọ́ fún un nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi to ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì máa jáde, ó jáde pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ka ìwé ìpè kíláàsì. Ó sọ ohun tí dókítà sọ nígbà tí Frederick ń wá oògùn kiri. Ó ní àwòrán yìí mọ́ nítorí pé ohun tó wà lára òun kì í yọ lójú àwòrán. Ó ní gbogbo àìsàn tó ní oògùn ni wọ́n ti lé jáde tán, èyí tó kù kò ní. Ó ní òun kò ní kó gba òun gbọ́ lónìí, ohun kan ṣoṣo ni òun ń tọrọ.

“Ẹ bá mi lọ ní Túsìdeè. Ẹ má jẹ́ kí n dá gbọ́ ọ.”

Frederick ti mú fìlà kan, ó dì í mú.

“Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ,” ló sọ. “Mi ò gbọ́ ohun tí o sọ yẹn, Edith. Ìwọ náà ò sọ ọ́.”

Ó gbé agbádá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó jáde. Bí àwa ènìyàn ti rí nìyẹn. A fi àdúrà bo aláìsàn mọ́lẹ̀ bí ẹni bo iná, a wá ní òun ni kò fẹ́ tàn.

Ó jókòó níbẹ̀ títí oòrùn fi yí kúrò lójú fèrèsé. Kò sunkún. Ó ń ronú Túsìdeè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẹni tí yóò bá a de bọ́tìnnì, bí yóò ti gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, bí yóò ti di irin àga iwájú mú ní gbogbo kọ́nà, àga kejì tó ṣófo níwájú tábìlì dókítà. Ibi àga yẹn ni ọkàn rẹ̀ ń dé tí kò lè kọjá.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù, Simeon dé fúnra rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ìròyìn ayọ̀ lójú ọ̀nà, òun ní òun kò lè jẹ́ kí wọ́n máa ṣe wàhálà gbé ìwé wá. Ó mú ìwé ìdúpẹ́ kan jáde láti inú fáìlì rẹ̀, ìwé pélébé náà tí fíkà máa ń kà níwájú pẹpẹ: orúkọ ẹni, àti ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí. Frederick na ọwọ́ gbà á, ṣùgbọ́n Simeon rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò kọ ọ́ bí kò ṣe ẹni tó ni iṣẹ́?

Òótọ́ ló sọ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Edith fi kọ ìwé ìdúpẹ́ fún gbogbo ìjọ, ti ọmọ tuntun, ti ilé tuntun, ti ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ìjàm̀bá ọkọ̀. Ẹni tó mọ ìwé kọ dáadáa pàápàá yóò gbé tirẹ̀ wá bá a, nítorí lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣinṣin, àmì ohùn kì í ṣìnà lórí orúkọ ẹni, fíkà kì í sì í kọsẹ̀ níbi ìwé tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ni kì í jù ú nù lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á fi í sáàárín Bíbélì. Láti ọdún àjíǹde tó kọjá ni kò ti kọ ọ̀kankan. Gilbert pàtẹ́wọ́, ó ní ìyàwó wa yóò kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo ìjọ yóò rí ọwọ́ rẹ̀, wọn yóò mọ̀ pé Ọlọ́run ṣiṣẹ́. Màmá Ayépé ní àmín.

Wọ́n mú un jókòó sídìí tábìlì pálọ̀. Frederick fi bírò sáàárín ìka rẹ̀, bírò sì yọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó tún fi í síbẹ̀, ó tún bọ́. Ni Frederick bá yọ rọ́bà àpòòwé Ìbàdàn tó ti wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ láti àárọ̀, ó fi í de bírò mọ́ ìka ìyàwó rẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta, ó ń ṣe àwàdà pé báyìí ni wọ́n ṣe máa ń de ẹsẹ̀ adìẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mùínátù ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, òun náà rẹ́rìn-ín.

Edith fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan gba àkókò tó pọ̀ tó pé ẹ̀rín tán. Gilbert bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nípa ọkọ̀ tó wọ̀ wá, ó fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni bírò tó ń họ ìwé, tó ń dúró, tó tún ń họ. Edith ń mí bí ẹni ru ẹrù gun òkè. Aago lù márùn-ún, Simeon kò dìde. Nígbà tó parí, ó gbé apá méjèèjì kúrò lórí tábìlì sí itan rẹ̀, ó sì wo ojú ọkọ rẹ̀.

Frederick gbé ìwé náà. Kó tó ka ọ̀rọ̀ kankan ni ojú rẹ̀ ti yí padà, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́tà náà wọ́ lọ wọ́ bọ̀, èyí ga, èyí wó lulẹ̀, wọ́n sá kúrò lórí ìlà bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé lánàá. Ó mọ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Lẹ́tà tó fi gbà fún un pé òun yóò fẹ́ ẹ wà nínú àpótí rẹ̀ títí di òní. Àwòrán tí wọ́n yà ní Ìbàdàn mọ́, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí kò mọ́, kò sì sí ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló tó kà á:

*Edith Ògúnbánwò. Mo dúpẹ́ pé mo ṣì lè kọ èyí. Ẹ bá mi lọ ní Túsìdeè.*

Gilbert ní kó kà á sókè kí àwọn ṣe àmín. Frederick kò gbé ojú sókè.

“Ó rẹ̀ ẹ́,” ló wí. “Kò ní í ṣeé kà fún fíkà. Ẹ jẹ́ kí n bá a tún un kọ.”

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó gba ìwé mìíràn lọ́wọ́ Simeon, ó mú bírò tirẹ̀ láti àpò kan náà, ó kọ ọ́ lórí ìdúró, ó sì kà á sókè: Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin Frederick Ògúnbánwò, fún ìwòsàn pátápátá. Wọ́n ṣe àmín. Simeon tó ti ń gbé ìwé ọwọ́ Edith láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó sí ibi tó ti lè rí ìlà kan tàbí méjì kó tó di pé wọ́n ká a. Ó ti ìwé tuntun náà bọ fáìlì, kò wo ẹnikẹ́ni, ó ní kí wọ́n sùn ire.

Frederick sìn ín dé ẹnu géètì. Simeon ti yí kọ́nà, Frederick ṣì dúró síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ilé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àpò àyà rẹ̀. Mùínátù kí i kú oríire bó ti ń kọjá, ó ní a dúpẹ́. Frederick kò wọlé.

Màmá Ayépé dúró díẹ̀ sí i ní pálọ̀. Ó wo tábìlì, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Láìpẹ́, ìró ẹ̀wùrà lórí páànù bẹ̀rẹ̀. Ó ń rin ín lọ fúnra rẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni.

Edith ṣì jókòó sídìí tábìlì. Rọ́bà ti ń fún un ní ìka, orí ìka náà sì ti ń pọ́n. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lè tú u bó bá fara balẹ̀, eyín rẹ̀ náà lè já a. Kò tú u. Ó na ọwọ́ náà sórí tábìlì pẹ̀lú bírò tí wọ́n dè mọ́ ọn, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń retí ẹni tó dè é.